Nínú Omi Iyọ̀ Ló Wà, Síbẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Rin

Erékùṣù kékeré ni Gulhi, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè Maldives láàárín òkun Íńdíà. Omi ló yí i ká, omi tí kò ṣeé mu. Omi dídùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ irú erékùṣù bẹ́ẹ̀ kò jinlẹ̀, orí omi iyọ̀ ló léfòó sí. Nígbà tí omíyalé ńlá ọdún 2004 sì ya wọlé láti inú òkun, ó ba omi abẹ́ ilẹ̀ ọ̀pọ̀ erékùṣù ibẹ̀ jẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ló ń fún Gulhi níná. Lọ́dún 2014, ilé iṣẹ́ Aquaver láti ilẹ̀ Netherlands gbé ẹ̀rọ kan lọ síbẹ̀ tí ń sọ omi òkun di omi mímu, lítà 10,000 lójúmọ́. Ẹ̀rọ náà kò dá epo jó láti fi se omi. Ooru tí jẹnẹrétọ̀ ìlú ń dà nù tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fà wọ inú rẹ̀.

Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, iná ṣẹ́ yọ nílé ẹ̀rọ omi ní Malé, olú-ìlú Maldives. Nǹkan bí 100,000 ènìyàn ni kò rí omi lò. Ọkọ̀ òfúrufú àti ọkọ̀ ojú omi ni ìjọba Íńdíà fi kó omi lọ bá wọn. Ẹni tó bá ń gbé láàárín òkun mọ̀ pé ẹ̀rọ omi kì í ṣe ohun àfi-ṣe-fààrí.

Membrane distillation ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ẹ̀rọ tó wà ní Gulhi yẹn. Awọ fẹ́lẹ́ kan ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dá lé, mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ wo awọ náà, torí ọ̀pọ̀ ìpolówó ló máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀ lọ sídìí ọ̀rọ̀ oòrùn àti omi ọ̀fẹ́. Lójú tèmi, iye omi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá mú jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Kí wọ́n sọ fún wa bí awọ náà yóò ṣe pẹ́ tó ní gbígbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Awọ náà dúró láàárín bí ògiri. Omi òkun tí wọ́n ti mú gbóná dé ìwọ̀n Celsius 60 tàbí 80 ń ṣàn kọjá ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì tutù. Ihò wínníwínní ló kún ara awọ náà, débi pé ihò ló sábà máa ń kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá to 300 nínú wọn sórí ìlà kan, gbogbo wọn kò ní fẹ̀ ju fọ́nrán irun orí kan lọ. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú àwọn ihò yìí, afẹ́fẹ́ nìkan ló sì gbọ́dọ̀ máa wà níbẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ kò lè wọlé, torí ohun tí wọ́n fi ṣe awọ náà kì í gba omi mọ́ra. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná kò lè ṣe kó má yọ èéfín. Èéfín omi yìí ló ń wọ inú ihò láti ẹ̀gbẹ́ tó gbóná, tó ń la afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kọjá, tó ń dé ẹ̀gbẹ́ tó tutù, tó sì ń di omi padà. Iyọ̀ kì í di èéfín ní irú ìgbóná bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ló ń kù sí. Bí awọ bá ṣì wà ní pípé, ó lé ní ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún iyọ̀ náà tí kò ní kọjá.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbóná ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń ti èéfín lọ. Nínú omi tó wà ní ìwọ̀n 20, agbára tí èéfín fi ń tì kò ju kilopascal 2.3 lọ. Ní ìwọ̀n 60, ó ti tó 20. Ní ìwọ̀n 80, ó ti lé ní 47. Ìdí nìyẹn tí ìgbóná díẹ̀ sí i fi ń mú omi púpọ̀ sí i wá, tí kò sì fi pọn dandan kí omi hó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ omi òkun lágbàáyé ń tọ̀ lónìí yàtọ̀ sí èyí. RO ni, ìyẹn reverse osmosis, tí àwọn kan tí ń ṣe omi inú ike nílẹ̀ wa náà ń lò. Awọ ti RO fẹ́ omi, iyọ̀ ni kò fẹ́. Ẹ̀rọ á fi agbára bíi bar 55 sí 70 ti omi òkun mọ́ ọn, omi á là á kọjá tipátipá. Irin tó le koko ni wọ́n fi ń ṣe páìpù rẹ̀ nítorí agbára yẹn. Membrane distillation kò nílò irú rẹ̀. Ike lásán tó fún un ní páìpù àti àpótí, wọn kò sì ní dípẹtà.

Kí ló wá dé tí omi kò fi lè wọ ihò tó ṣí sílẹ̀ gbayawu? Ẹ lọ wo ewé kókò lẹ́yìn òjò. Omi kì í tẹ́ lórí rẹ̀. Ṣe ló ń ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀; bí ewé bá mì díẹ̀, omi á yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀, ibi tó ti kúrò á sì gbẹ bí ẹni pé òjò kò kàn án rí. Lọ́dún 1997, Wilhelm Barthlott àti Christoph Neinhuis ní ilẹ̀ Jámánì gbé iṣẹ́ kan jáde tó sọ ìdí rẹ̀. Ewé lotus ni iṣẹ́ náà sọ di olókìkí, àmọ́ ewé kókò wà lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ojú ewé náà kò dán rárá. Ó rí kókókókó, ìda wínníwínní sì bo orí kókó kọ̀ọ̀kan. Ìda ọ̀hún kò fẹ́ omi, àwọn kókó yẹn sì há afẹ́fẹ́ mọ́ abẹ́ ẹ̀kán omi, tó fi jẹ́ pé orí ṣóńṣó wọn nìkan ni omi rí ìdí lé.

Ojú omi ní agbára tó fi ń di ara rẹ̀ mú. Bí ohun tó fara kàn kò bá gbà á mọ́ra, yóò kúkú ṣù jọ ju kí ó tẹ́ lọ. Thomas Young, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1805. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé bí ihò bá ṣe kéré sí i ni yóò ṣe ṣòro sí i láti ti omi wọ inú rẹ̀. Nínú awọ Teflon tí ihò rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún micron, ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi bar mẹ́ta kí omi tó fi tipá wọlé, bẹ́ẹ̀ agbára tó ń ti omi kiri nínú ẹ̀rọ kì í sábà tó ìyẹn. Òfin yìí ni awọ náà rọ̀ mọ́.

Kì í ṣe àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963, Bodell kan forúkọ àbá irú ẹ̀rọ yìí sílẹ̀. Lọ́dún 1967, Findley tẹ àbájáde tirẹ̀ jáde, ohun tó sì fi ṣe awọ lè yà yín lẹ́nu: pákó, abọ́ onípáálí, fọ́nrán gíláàsì, nylon. Silicone tàbí Teflon ló fi ra àwọn nǹkan wọ̀nyí kí omi má bàa rin wọ́n. Ó rí i pé ó ṣiṣẹ́. Ó sì sọ ohun tó ṣì kù: awọ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó lè gba ìgbóná, tó sì lè pẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ohun mẹ́ta yẹn náà ni wọ́n ṣì ń wá.

Teflon tó ràn wọ́n lọ́wọ́ jùlọ, èèṣì ló bí i. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1938, Roy Plunkett, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ DuPont, ṣí sìlíńdà gáàsì kan tó yẹ kó kún, kò sí nǹkan tó jáde. Ó ní kí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ, wọ́n bá bá ìyẹ̀fun funfun nínú rẹ̀: gáàsì ọ̀hún ti so pọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Òun ni ohun tí wọ́n wá fi ń bo inú páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Lọ́dún 1969, Bob Gore mú ọ̀pá Teflon gbígbóná, ó fà á lójijì, ọ̀pá náà nà lọ gbọọrọ láìjá, inú rẹ̀ sì kún fún ihò tíntìntín. Aṣọ òjò tí kì í mú ni làágùn jáde látinú ìyẹn, awọ tí àwọn oníṣẹ́ omi ti ń retí sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, iṣẹ́ tó ti fẹ́ kú sọjí. Ní ìlú Róòmù lọ́dún 1986, àwọn tó wà nídìí rẹ̀ pàdé láti fi ẹnu kò lórí orúkọ àti èdè tí wọn yóò jọ máa lò.

Bí awọ yìí ṣe ń kọ omi ni mo ń sọ bọ̀. Ó yẹ kí n sọ bó ṣe ń yẹ̀. Ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, kí ẹ kán an sórí ewé kókò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Omi tó ń ṣù tẹ́lẹ̀ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Agbára tí ojú omi fi ń di ara rẹ̀ mú, tó jẹ́ nǹkan bí 72 lórí ìwọ̀n àwọn onímọ̀, lè já wálẹ̀ dé 30 nígbà tí ọṣẹ bá wọ̀ ọ́. Omi tí kò lágbára mọ́ láti ṣù kò ní ohun tó ń dá a dúró lẹ́nu ihò.

Ní yàrá ìwádìí, ojú ni wọ́n fi ń rí i. Mítà kan wà nínú omi tó ti mọ́, tó ń wọn bí omi náà ṣe ń gbé iná kọjá, nítorí iyọ̀ ló ń jẹ́ kí omi gbé iná. Bí a bá ti mítà náà bọ omi òkun, yóò kọ nǹkan bí 50,000. Nínú omi tó gba inú awọ kọjá, ó lè máà tó 10. Mítà á wà lójú kan fún wákàtí lórí wákàtí, ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò ní nǹkan tuntun láti kọ sílẹ̀. Wọ́n á wá ta èròjà bí ọṣẹ sínú omi iyọ̀. Nọ́ńbà á kọ́kọ́ gbọ̀n díẹ̀, á gòkè díẹ̀, á tún gòkè, lẹ́yìn náà kò ní dúró mọ́. Ihò kan ti rin, èkejì ti tẹ̀ lé e, omi iyọ̀ gan-an ló ń gba inú wọn wọ inú omi mímu. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ihò tó bá ti rin kì í rọrùn láti gbẹ padà. Bí wọ́n tilẹ̀ tú awọ náà sílẹ̀ tí wọ́n sá a, iyọ̀ tó ti dì sínú ihò ló ń fa omi wọlé nígbà tí iṣẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀tá kejì ni epo. Ohun tó bá ń kọ omi sábà máa ń fẹ́ epo. Bẹ́ẹ̀ omi òkun tó wà nítòsí èbúté, tàbí omi ìdọ̀tí tó ti inú ilé iṣẹ́ wá, kì í ṣàìní epo nínú. Epo á lẹ̀ mọ́ awọ, á dí ihò. Ọ̀nà méjì ni àwọn olùwádìí ń gbà kojú èyí. Àwọn kan fẹ́ awọ tí yóò kọ omi, tí yóò tún kọ epo. Ní yunifásítì MIT lọ́dún 2007, Anish Tuteja àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá ṣe ojú nǹkan kí ó ní orí tó fẹ̀ ju ọrùn lọ bíi ti olú, epo pàápàá á dúró sórí rẹ̀ láìwọ ìsàlẹ̀. Ní Yunifásítì Yale lọ́dún 2014, Shihong Lin, Menachem Elimelech àti àwọn mìíràn fi irú ọgbọ́n yẹn ṣe awọ láti ara fọ́nrán gíláàsì, ó sì fara da èròjà bí ọṣẹ tó ń rin awọ lásán. Àwọn kejì gba ọ̀nà tó jọ òdì: wọ́n fi èròjà tó fẹ́ràn omi ra ojú awọ tó kórìíra omi. Omi á kún inú èròjà òkè yìí, epo á dé, kò ní rí àyè lẹ̀ mọ́, awọ ìsàlẹ̀ á sì wà ní gbígbẹ. Ọ̀nà kejì yìí wù mí ju ti àkọ́kọ́ lọ níbi tí epo bá ti jẹ́ ìṣòro gan-an, torí kò retí kí ojú kan ṣoṣo kọ gbogbo nǹkan.

Èépá funfun tí ń dì mọ́ inú kẹ́tù náà ń dì mọ́ awọ, ó ń fún ihò pa. Ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́ àti fífọ̀ ni wọ́n sábà fi ń bá ìyẹn jà, kò sí àrà tuntun níbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ooru, tí àwọn tó ń polówó kì í fẹ́ sọ. Láti sọ lítà 1,000 omi di èéfín, ó ń gba ooru tó tó nǹkan bíi yúníìtì 650, irú yúníìtì tí a ń rà sórí mítà iná. RO ń fi yúníìtì iná mẹ́ta sí mẹ́rin ṣe iye omi kan náà láti inú òkun. Ooru kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú iná mànàmáná, ooru tí èéfín bá sì tú sílẹ̀ nígbà tó ń di omi padà ṣeé gbà lò lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá to ẹ̀rọ náà dáadáa. Síbẹ̀, díẹ̀ nínú ooru náà ń gba ara awọ gan-an kọjá láìgbé omi kankan dání, ó sì lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra epo tàbí iná láti fi mú omi gbóná fún ẹ̀rọ yìí ń fi owó ṣòfò. Ibi tí RO bá ti lè ṣiṣẹ́, tí iná sì wà, kí wọ́n lo RO.

Oòrùn ńkọ́? Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Rice ní Texas, tí Naomi Halas àti Qilin Li wà lára wọn, fi èérún dúdú tó ń gba ìtànṣán oòrùn ra ojú awọ, kí ooru lè yọ ní ibi tí èéfín ti ń yọ gan-an, dípò kí wọ́n máa mú gbogbo omi gbóná. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣáájú ìgbà náà, ilé ìwádìí Fraunhofer ti ilẹ̀ Jámánì ti gbé irú ẹ̀rọ yìí tí ń lo ooru oòrùn lọ sí Aqaba ní Jọ́dánì àti sí Gran Canaria.

Ibi tí mo ti rí i pé awọ yìí ní iṣẹ́ tí RO kò lè bá a ṣe ni ibi tí omi ti níyọ̀ jù. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan. Bí ó bá ti di 70, RO ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin agbára rẹ̀, torí bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ sí i ni agbára tí a fi ń ti omi gbọ́dọ̀ ṣe pọ̀ sí i. Èéfín kò bìkítà tó bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ inú omi òkun kò dín agbára èéfín kù ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ; kódà nígbà tí iyọ̀ bá ti pọ̀ débi tí omi kò lè gbà á mọ́, agbára náà kàn ń dín kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 ṣírò rẹ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi lágbàáyé ń ṣe omi mímu mítà oníhà-mẹ́ta mílíọ̀nù 95 lójúmọ́, wọ́n sì ń da omi tó níyọ̀ gan-an mílíọ̀nù 142 nù. Ó ju ìdajì omi oníyọ̀ náà lọ tó ń wá láti Saudi Arabia, UAE, Kuwait àti Qatar. Omi yẹn ni wọ́n ń dà padà sínú òkun. Bí wọ́n bá gbé e gba inú awọ yìí, wọ́n á tún rí omi mímu yọ nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń dà nù á sì dín kù.

Ibi kejì ni ibi tí ooru bá ti ń ṣòfò, bíi ti Gulhi. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ dísẹ́lì tí ń mú iná kilowatt 100 jáde lè da ooru tó tó bẹ́ẹ̀ nù nípasẹ̀ omi rẹ́díétọ̀, ó sì ń da bíi tìyẹn nù gba inú sàléńsà. Omi rẹ́díétọ̀ sábà máa ń gbóná tó ìwọ̀n 80 sí 90, ohun tí awọ náà ń wá gan-an. Bí a bá lo ooru rẹ́díétọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan péré láìsí èyí tó ṣòfò, lítà 150 la máa rí ní wákàtí kan. Bí a bá lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó lè di 300. Nínú ẹ̀rọ tòótọ́, ó máa dín sí ìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù kò wúlò fún irú èyí, torí atẹ́gùn ló ń tù ú, kò ní omi rẹ́díétọ̀.

Etíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò lọ, wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń kọ èyí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àdúgbò Èkó tí omi iyọ̀ ti wọ kànga wọn. Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa gbígbe omi òjò tì níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wa, táńkì àti páànù orílé kò wọ́n tó ẹ̀rọ kankan. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn wà, ilé ìwòsàn wà, ibi tí wọ́n ti ń fi yìnyín tọ́jú ẹja wà, jẹnẹrétọ̀ dísẹ́lì ńlá sì ń dún níbẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ooru wọn ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú àwọn yunifásítì wa gbé awọ yìí lọ síbẹ̀ láti dán an wò.

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn nípa ohun tí wọ́n fi ń ṣe awọ náà. Teflon àti PVDF, tí wọ́n sábà ń lò, wà nínú ìdílé kẹ́míkà fluorine tí kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀ àti omi. PFOA, ọ̀kan lára irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe Teflon tẹ́lẹ̀, ti wọ inú omi mímu àwọn ará West Virginia ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2019, wọ́n fi í sínú àdéhùn Stockholm lára ohun tí ayé gbọ́dọ̀ kọ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2023, orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Yúróòpù dábàá pé kí wọ́n fi òfin dé gbogbo ìdílé náà. Bí òfin yẹn bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, wàhálà dé bá awọ tó dára jù. Kì í ṣe pé kò sí ìrọ́pò: polypropylene kò ní fluorine, owó rẹ̀ kò pọ̀, awọ tí wọ́n fi ṣe ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Àmọ́ kò kọ omi tó Teflon. Mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀pọ̀ làálàá wà báyìí, ju orí wíwá awọ tí omi yóò máa sá fún bíi ti ewé lọ.

Ọ̀pọ̀ àbájáde tí wọ́n ń tẹ̀ jáde lórí awọ tuntun, wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi dán an wò, omi tí wọ́n sì fi dán an wò jẹ́ iyọ̀ tí wọ́n rà tí wọ́n pò mọ́ omi mímọ́. Kò sí ewé òkun nínú rẹ̀, kò sí epo ọkọ̀, kò sí ọṣẹ tí ẹnì kan fi fọ aṣọ ní etí ọ̀sà. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ yìí wá bá ìjọba ìbílẹ̀ kan ní etíkun wa, kí wọ́n ní kí ó mú ohun tí mítà kọ ní oṣù kẹfà tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ wá, nínú omi òkun tòótọ́, pẹ̀lú iye ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ awọ kó tó dìgbà náà.